Boris, Dronevil: àwo méjì tí wọ́n ní ká tan pọ̀, báwo lẹ ṣe ń gbọ́ ọ?

Ọmọ_Mọ́lété

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ gbà mí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ̀ pé orin metal, rọ́ọ̀kì tó le yẹn, kì í sú mi ló fi àwo kan ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Dronevil lorúkọ rẹ̀, Boris ló kọ ọ́, ará Tokyo ni wọ́n. Fódà méjì ló wà níbẹ̀: wọ́n kọ Drone sára ọ̀kan, wọ́n kọ Evil sára èkejì. Mo ṣí Drone. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo jókòó tì í fún odidi ogún ìṣẹ́jú, ohun tí mo gbọ́ kò ju ohùn kan tó ń kùn ṣáá lọ, bíi fìríìjì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò balẹ̀. Mo ní fáìlì ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo tún un fà wálẹ̀, dátà mi tán, ohun kan náà ni.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló ní kó o máa gbọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan? Àwọn méjèèjì ló jọ ń lọ." Ó ní bí mo bá ti tan Drone, kí n tan Evil tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n máa dún pọ̀ nínú yàrá.

Ó dáa. Mo ní fóònù kan, mo ní láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tí bátìrì rẹ̀ ti kú, mo ní sípíkà Bluetooth tí kò ju kọ́ọ̀pù tíì lọ. Bí mo bá tan èkejì lórí fóònù, ti àkọ́kọ́ á dákẹ́. Bí mo bá gbé ọ̀kan lọ sórí láptọ́ọ̀pù, ọ̀kan á ti ṣáájú kí n tó tẹ èkejì. Ṣé ó ṣe nǹkan? Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é? Ẹ dákun, ẹni tó ti gbọ́ ọ rí ni mo ń bẹ̀ o, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ wá sọ fún mi pé ariwo ni.

ToríKíni

Ariwo ni.

Gbàgàdà_Metal

ToríKíni, ta ló pè ọ́ sí i?

Ọmọ_Mọ́lété, kú oríire, o ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí kì í fi èèyàn lọ́rùn sílẹ̀. Èèyàn mẹ́ta ni wọ́n, Takeshi, Wata àti Atsuo. Láti 1992 ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Tokyo, orúkọ orin kan tí ẹgbẹ́ Melvins ti Amẹ́ríkà kọ ni wọ́n sì mú jẹ́. Takeshi ló ń gbé gìtá ọlọ́rùn méjì yẹn, ọrùn kan báàsì, ọrùn kejì gìtá. Atsuo wà nídìí ìlù. Olórin lásán ni tẹ́lẹ̀, ìgbà tí onílù wọn àkọ́kọ́ lọ ló bọ́ síbẹ̀. Wata lobìnrin àárín wọn. Kì í fò, kì í mi irun, á kàn dúró bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò ní ibùdókọ̀, ohùn tó ń ti abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jáde á sì máa mi fèrèsé.

Ohun tó yẹ kó o kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ojú kan kọ́ ni wọ́n ní. Àwo Absolutego tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1996, orin kan ṣoṣo ni, ó sì lé ní wákàtí kan. Flood, ní 2000, orin kan tí wọ́n pín sọ́nà mẹ́rin, bíi ìṣẹ́jú 70. Wọ́n wá gbé Pink jáde ní Japan ní 2005, èyí tó ń sáré bí ọ̀kadà tí bíréèkì rẹ̀ ti já. Ọdún 2005 yẹn gan-an ni Dronevil náà jáde! Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa fi máa ń wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ sára páálí: bí Boris bá jẹ́ lẹ́tà ńlá látòkè délẹ̀, rọ́ọ̀kì ni, bí ó bá jẹ́ lẹ́tà kékeré, wá ibi jókòó sí, alẹ́ rẹ máa gùn.

Nípa bó o ṣe máa tan án, mi ò fẹ́ purọ́, èmi kì í ṣe wàhálà kankan. Mo fi Evil sínú sípíkà pálọ̀, mo fi Drone sórí fóònù, ó parí.

Àbẹ̀kẹ́_Peckham

Ẹ kú ìjókòó. Èmi ni ẹ ń wá.

Rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá méjì ni Dronevil nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Lọ́dún kejì, 2006, wọ́n tún un ṣe sórí CD, wọ́n pè é ní Dronevil -Final-, wọ́n sì fi orin kún un, tó fi jẹ́ orin mẹ́ta ló wà lórí CD kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ogún ìṣẹ́jú. Ó dá mi lójú pé -Final- ló wà lọ́wọ́ Ọmọ_Mọ́lété. Ka orin tó wà nínú fódà kọ̀ọ̀kan kó o tó tan ohunkóhun. Bí iye wọn kò bá dọ́gba, wọ́n ti jí apá kan àwo rẹ.

Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ra tèmi lọ́wọ́ ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sanwó, mo retí, nígbà tí páálí dé, Drone nìkan ló wà nínú ẹ̀. Mo kọ̀wé sí i, ó ní "ṣé méjì ni wọ́n ni?" Ta ló ń ta bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún? Oṣù mẹ́jọ ni mo fi gbé àbọ̀ àwo kalẹ̀ kí n tó rí èkejì. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ni pé mo gbọ́ Drone títí ó fi wọ̀ mí lára, tó fi jẹ́ pé ìgbà tí Evil dé, mo mọ ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ kan ara wọn.

Bí mo ṣe ń ṣe é: mo ní ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù kan, mo yá ọ̀kan lọ́wọ́ aládùúgbò. Mo gbé sípíkà Drone sẹ́yìn àga, mo gbé ti Evil síwájú, èmi wà láàárín. Sátidé àkọ́kọ́, mo fi gbogbo ọ̀sán wá bí wọ́n á ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Mo lẹ táàpù mọ́ etí rẹ́kọ́ọ̀dù, mo fi máákà sàmì síbi tí abẹ́rẹ́ máa bọ́ sí, ọwọ́ ọ̀tún lórí ọ̀kan, ọwọ́ òsì lórí èkejì, bí ẹni tó fẹ́ fò láti orí òkè. Wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìṣẹ́jú kẹwàá, wọ́n ti yà! Ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù méjì kì í yí bákan náà láé, ọ̀kan á máa fà díẹ̀. Mo bínú. Mo tún un ṣe. Wọ́n tún yà, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni wọ́n ti yà lọ́tẹ̀ yìí, ohun tí mo sì gbọ́ níbẹ̀, mi ò tíì gbọ́ irú ẹ̀ láti ìgbà náà. Ìlù Atsuo balẹ̀ gbì gan-an níbi tí gìtá ti Drone ti dákẹ́ láti mí.

Ìgbà yẹn ni mo sọ táàpù nù. Kò sẹ́ni tó ní Dronevil tó péye nílé. Bí o bá tan án lónìí, tìrẹ nìyẹn. Lọ́la, òmíràn ni.

Ọmọ_Mọ́lété

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ ṣé o. Mo ti kà wọ́n. Drone ní Loose, Giddiness Throne, Interference Demon. Evil náà ní mẹ́ta. Wọn ò jí nǹkan kan nínú tèmi.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, rẹ́kọ́ọ̀dù ni tiyín, fóònù ni tèmi.

Onísípíkà_Òṣogbo

Ọ̀rọ̀ dé ilé oníṣẹ́. Sípíkà ni mo fi ń jẹun, òde ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìfilọ́lẹ̀, kò síbi tí mi ò gbé e lọ rí.

Kí n kọ́kọ́ tú ohun tí àbúrò pè ní fìríìjì. Gbogbo yín ti lọ síbi tí alága ìdúró ti gba máìkì, tó lọ dúró níwájú sípíkà, tó fi hu FÍÍÍÍ, tí gbogbo ìlú fọwọ́ dí etí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé máìkì gbọ́ sípíkà, sípíkà gbé ohun tí máìkì gbọ́ jáde, máìkì tún gbọ́ ọ, wọ́n wá ń yí po bí ajá tó ń lé ìrù ara rẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n má jẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ ti Boris ni kí wọ́n mú un, kí wọ́n dì í lọ́rùn, kí wọ́n máa tọ́ ọ bí ọmọ. Gìtá dípò máìkì. Okùn gbọ̀n, amplifier pariwo, ariwo náà tún mi okùn, okùn kò sì dákẹ́ mọ́. Wata tún máa ń fi ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní E-bow sí orí okùn, mágnẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ á máa mú okùn gbọ̀n láìfọwọ́ kàn án. Ìdí nìyẹn tí ogún ìṣẹ́jú fi lè kọjá tí o kò gbọ́ ibi tí ẹnikẹ́ni ti ta okùn.

Ó kan bó o ṣe máa tan án. Àbúrò, gbọ́ mi dáadáa.

Gbé sípíkà Bluetooth yẹn kúrò nílẹ̀. Àkọ́kọ́, Bluetooth máa ń fa ohùn sẹ́yìn, ìyẹn kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ńlá nínú àwo yìí, ṣùgbọ́n á máa já, á máa so, á bà ọ́ nínú jẹ́. Èkejì, ohun tó wà nínú àwo yìí pọ̀ nísàlẹ̀. Okùn tó nípọn jù lórí gìtá tí wọn kò tíì tú sílẹ̀ ń gbọ̀n ní ìgbà 82 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn wọ̀nyí máa ń tú tiwọn sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu sípíkà fóònù kò gba irú ohùn bẹ́ẹ̀. Ohun tí o gbọ́ tó o fi ní fìríìjì, orí ọbẹ̀ ni, ẹran wà nísàlẹ̀.

Wá sípíkà méjì tó ní ẹnu tó gbòòrò, ì báà jẹ́ ti rédíò àtijọ́ bàbá rẹ. Fóònù sí ọ̀kan pẹ̀lú wáyà, láptọ́ọ̀pù sí èkejì pẹ̀lú wáyà. Fóònù: pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀, kí ẹni tó máa yá ọ lówó má bàa pè láàárín Giddiness Throne. Láptọ́ọ̀pù: so ó mọ́ iná. Tẹ fóònù, tẹ láptọ́ọ̀pù. Bí ọ̀kan bá ṣáájú, jẹ́ kó lọ.

Bí láptọ́ọ̀pù nìkan lo fẹ́ lò, kò bàjẹ́. Ṣí VLC, ètò tó ń tan orin, lẹ́ẹ̀mejì, orin kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á jọ dún. Tàbí kó o gbé fáìlì méjèèjì sínú Audacity, ètò tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe, fa ọ̀kan sápá òsì, fa ọ̀kan sápá ọ̀tún, kó o sọ ọ́ di fáìlì kan. Ìyẹn á ràn ọ́ lọ́wọ́ lóru nígbà tó jẹ́ pé inú etí nìkan lo lè fi sí.

Olùkọ́_Físíìsì

Bọ̀dá Onísípíkà, gbogbo rẹ̀ ni mo fọwọ́ sí àyàfi gbólóhùn yín tó kẹ́yìn. Inú etí kọ́ ni wọ́n ṣe àwo yìí fún.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ṣẹ́kọ́ńdìrì, ẹ jẹ́ kí n ṣe bí mo ṣe ń ṣe ní kíláàsì. Ẹ mú fóònù méjì, ẹ wá ètò tó lè mú ohùn kan ṣoṣo jáde, ẹ ní kí ti fóònù kan máa gbọ̀n ní ìgbà 440 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ti èkejì máa gbọ̀n ní ìgbà 442. Lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn kan tó dúró gbọọrọ ni. Ẹ tan wọ́n pọ̀. Ohùn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í mí, á wú, á rọlẹ̀, á wú, á rọlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá kan géérégé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 440 àti 442 nìyẹn. Nígbà tí afẹ́fẹ́ tí ọ̀kan ń tì àti èyí tí èkejì ń tì bá jọ lọ, ohùn á ròkè. Bí ọ̀kan bá ń tì tí èkejì ń fà, wọ́n á pa ara wọn. Àwọn ọmọ mi máa ń pariwo nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ọ, wọ́n á ní ta ló ń lu ìlù. Kò sẹ́ni tó ń lu ìlù.

Ẹ wá wo orúkọ orin kẹta nínú Drone. Interference. Ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ wa nìyẹn gan-an, ìgbì méjì tó bá ara wọn pàdé.

Ó tún ku ọ̀kan. Ohùn tó ń gbọ̀n ní ìgbà 110 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbì rẹ̀ gùn ju mítà 3 lọ díẹ̀. Yàrá tí ọ̀pọ̀ wa ń gbé kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbì á kan ògiri, á padà, á bá ara rẹ̀ lọ́nà, á sì jẹ́ pé ibì kan nínú yàrá ń dún kíkankíkan, ibòmíràn tí kò jìnnà tó mítà kan sí i dákẹ́. Nítorí náà ìmọ̀ràn tèmi: má jókòó. Tan méjèèjì, kó o dìde, kó o máa rìn díẹ̀díẹ̀ láti ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nà orí sí igun ilé. O máa rí i pé ohùn kan wà lábẹ́ tábìlì tí kò sí níbòmíràn. Ohun tí fáìlì Audacity kò lè fún ọ nìyẹn. Bí apá òsì bá wọ etí òsì, tí apá ọ̀tún wọ etí ọ̀tún, níbo ni wọ́n ti fẹ́ pàdé nínú afẹ́fẹ́?

Onísípíkà_Òṣogbo

Olùkọ́ wa, ẹ̀yin lẹ mọ ìwé. Ṣùgbọ́n bí mo bá da méjèèjì sáàárín ńkọ́, tí mi ò yà wọ́n sí òsì àti ọ̀tún? Inú wáyà ni wọ́n ti máa pàdé kí wọ́n tó dé etí.

Olùkọ́_Físíìsì

Hmm. Ẹ mú mi. Òótọ́ ni, wọ́n á pàdé, a ó sì gbọ́ mímí náà. Mo gba ti yẹn padà.

Ṣùgbọ́n wọ́n á máa pàdé síbì kan náà lójoojúmọ́. Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ ti sọ ọ́ tán, ọjọ́ tó o bá ti lẹ̀ wọ́n pọ̀ ní fáìlì kan, o ti sọ ọ́ di àwo kan bíi ti gbogbo ayé.

Gbàgàdà_Metal

Ẹ jẹ́ ká má ba ara wa jà. Ọmọ náà ń gbé ilé oníyàrá kan, ó fẹ́ gbọ́ orin.

Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé Dronevil ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi mú un wọlé. Ìyẹn ò da. Èmi á ní kó kọ́kọ́ lọ gbọ́ Pink kó mọ̀ pé wọ́n mọ orin kọ. Orin àkọ́kọ́ inú rẹ̀ fẹ̀, ó rọra, èyí tó tẹ̀ lé e á wá gbá ọ lójú. Lẹ́yìn náà kó gbọ́ Feedbacker ti 2003, kò pé ìṣẹ́jú 45, ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n pín in sí, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irú hùn-ùn yìí, ó wá di orin gidi, ó tún wó. Ẹni tí Feedbacker kò bá lé jáde nílé, Dronevil kò lè lé e.

Àbẹ̀kẹ́_Peckham

Èmi á fi apá àkọ́kọ́ Flood ṣe àtẹ̀gùn, dípò Pink. Wọ́n mú orin gìtá kúkúrú kan, wọ́n ń tún un kọ, wọ́n wá fi èkejì rẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì ń rọra yà kúrò lára ara wọn títí etí rẹ kò fi mọ èyí tó ṣáájú mọ́. Ohun tí Dronevil ń ṣe nìyẹn, àmọ́ inú Flood, wọ́n ti bá ọ ṣe é. Nínú Dronevil, wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé ọ lọ́wọ́.

Kì í sì í ṣe àwọn nìkan ló ti dán an wò. Ẹgbẹ́ Flaming Lips ní Amẹ́ríkà ti gbé Zaireeka jáde ní 1997, CD mẹ́rin tí wọ́n ní ká tan pọ̀. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ń wá ẹ̀rọ mẹ́rin. Ẹgbẹ́ Neurosis náà gbé Times of Grace jáde ní 1999, wọ́n sì fi orúkọ mìíràn, Tribes of Neurot, ṣe Grace tó ń bá a rìn. Boris fúnra wọn tún padà síbẹ̀ ní 2016 pẹ̀lú Merzbow, ìyẹn Masami Akita, ará Japan tó ń fi ariwo ṣe orin. Gensho lorúkọ rẹ̀. Wọ́n tún àwọn orin wọn àtijọ́ ṣe láìsí ìlù kankan, Merzbow fi ariwo tirẹ̀ sórí àwo kejì. Bí Dronevil bá dùn mọ́ ọ, ibẹ̀ ni kó o kọjá sí.

ToríKíni

Ẹ dá mi lóhùn kan péré. Kí ló dé tí èèyàn fi máa gbọ́ orin tí kò sí ẹni tó ń kọrin, tí kò sí ìlù, fún ogún ìṣẹ́jú?

Gbàgàdà_Metal

Ìlù wà nínú Evil. Ìdí tí wọ́n fi ní kó o tan méjèèjì nìyẹn. Ka ohun tí wọ́n kọ lókè.

ToríKíni

Mi ò kà á, ó gùn.

ÌyáÌbejì_Nọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ jẹ́ kí n dá sí i kí ẹ tó ba etí ara yín jẹ́. Mo ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá bá wa pé etí ń hó yee lẹ́yìn òde kì í ṣe díẹ̀.

Ewu irú orin yìí yàtọ̀ sí ti jùjú. Orin tó ní ìlù máa ń ga, á tún sinmi. Hùn-ùn tí kò dákẹ́ máa ń tan etí jẹ: lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á dà bíi pé ó ti rẹlẹ̀, ọwọ́ á sì lọ síbi tí a ti ń gbé e sókè. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e síbi tí ẹ fẹ́ kó wà nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi í síbẹ̀. Ohun tí àjọ ìlera àgbáyé sọ ni pé ohùn tó ga tó dẹ́sìbẹ̀lì (òṣùwọ̀n ariwo) 80, wákàtí 40 lọ́sẹ̀ kò ní pa etí lára. Bó bá dé 90, wákàtí 4 péré. Bó bá di 100, ogún ìṣẹ́jú, fún odidi ọ̀sẹ̀ o. Ìyàtọ̀ kékeré ló dà bí lójú, àmọ́ bó bá fi 3 ga sí i, ìdajì àsìkò yín ti lọ. Ẹ fi fóònù wọn ọ́n, ètò tó ń wọn ariwo pọ̀, bí kò tilẹ̀ péye tán, ó sàn ju kéèyàn máa méfò. Bí sípíkà bá sì jẹ́ méjì, ẹ rántí pé méjì ni.

Ẹni tó bá fi sínú etí lóru, kí ó má sùn lọ síbẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Peckham

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti wo Boris lójúkojú níbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo fi ohun ìdí-etí sí i, aṣọ ara mi ń gbọ̀n, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ kedere ju àwọn tí kò fi nǹkan kan sí i lọ.

Ọmọ_Mọ́lété

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Wàhálà mìíràn ti dé. Mọ́mì mi wá kí mi lánàá, wọ́n rí "Evil" lójú láptọ́ọ̀pù. Wọ́n ní kí ni mo ń fi èṣù ṣe nínú ilé.

Gbàgàdà_Metal

Bí wọ́n bá rí àwo 2003 tí wọ́n pè ní Akuma no Uta, ìyẹn "Orin Akuma", ẹ̀mí burúkú lédè Japan, wọ́n á gbé ọ lọ sórí òkè àdúrà.

Olùkọ́_Físíìsì

Ẹ má pe akuma ní Èṣù, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ló fi orúkọ òrìṣà wa bọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu, a kò sì tíì bọ́ nínú rẹ̀ títí dòní. Àwọn ará Japan ò mọ Èṣù rí. Orúkọ àwo náà, eré ọ̀rọ̀ ni, drone (ohùn tó ń kùn ṣáá) àti evil tí wọ́n fi lẹ́tà e kan ṣoṣo so pọ̀. Sọ fún mọ́mì pé àwo kejì ni orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ "ibi", kí wọ́n sì bá ọ jókòó gbọ́ ti àkọ́kọ́. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ tó lè bí wọn nínú.

Ọmọ_Mọ́lété

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ṣe é o, ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Bọ̀dá kan tó ń gbé nísàlẹ̀ yá mi ní sípíkà rédíò kan tó wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì. Mo gbé Drone sórí fóònù pẹ̀lú sípíkà yẹn, mo gbé e sí igun ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Evil wà lórí láptọ́ọ̀pù pẹ̀lú sípíkà tèmi tí mo rà ní ògbólógbòó, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Mo tẹ̀ wọ́n. Fóònù fi bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ṣáájú, mo jẹ́ kó lọ.

Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, mo jókòó bí ẹni tó ń dúró de èsì ìdánwò. Mo wá rántí ọ̀rọ̀ Olùkọ́, mo dìde. Ẹ̀yin èèyàn! Mo rìn láti ibùsùn dé ibi tí mo kó ìkòkò sí, ohùn yẹn yí padà lẹ́ẹ̀mẹta. Níbi ìkòkò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Mo gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ó bò mí mọ́lẹ̀. Ìdérí ìkòkò ọbẹ̀ mi ń gbọ̀n, tí-tí-tí-tí, mo fi ọwọ́ lé e, ó dákẹ́, mo mú ọwọ́ kúrò, ó bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ìlù Atsuo wọlé láti ọ̀dọ̀ ẹnu ọ̀nà, mo yíjú padà, mo rò pé ẹnì kan ló ń kan ilẹ̀kùn.

Níbi orin kejì ni NEPA mú iná. Láptọ́ọ̀pù kú lójú ẹsẹ̀, bátìrì ẹ̀ ti kú tipẹ́. Sípíkà bọ̀dá náà dákẹ́. Mo yọ wáyà rẹ̀, fóònù nìkan ló ṣì ń dún, wííí kékeré bẹ́ẹ̀ ni. Onílé tan jẹnẹrétọ̀. Mo fẹ́ pa fóònù, mi ò mọ ohun tó mú mi dúró. Jẹnẹrétọ̀ náà ń kùn lábẹ́ fèrèsé, Drone ń ké lórí fóònù, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í mí pọ̀. Mo dúró síbẹ̀ títí orin yẹn fi parí.

Olùkọ́_Físíìsì

Ẹ́ńjìnì jẹnẹrétọ̀ kékeré ń yí bí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbàkigbà tí ẹnì kan bá tan áyọ́ọ̀nù nílé onílé, á rọra sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Ṣé o gbọ́ ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀?

Ọmọ_Mọ́lété

Mo gbọ́ ọ sà! Ẹ̀ẹ̀mejì. Mo rò pé Wata ni.

ToríKíni

Ẹ fi líǹkì Pink yẹn ránṣẹ́ sí mi. Mi ò sọ pé mo máa gbọ́ ọ.

Onísípíkà_Òṣogbo

Àbúrò, má ṣe dá sípíkà bọ̀dá yẹn padà kí o tó gbọ́ orin kẹta. Mo máa wà ní Ìbàdàn lọ́jọ́ Ẹtì fún òde kan, bí iná bá wà, màá gbé ọ̀kan tó ní ẹnu ínǹṣì 15 dání. Onílé rẹ ńkọ́, ṣé ó máa ń tètè sùn?